Ọ̀gá Pátápátá àti Ẹ̀rọ Ìkáwọ́lérí

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí kí ó tó wo ọjà tí wọ́n tò síbẹ̀, ẹ yára kí i. Alága ni, tàbí kí ó máa múra àtidi alága. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ti di i ní tirẹ̀. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní òpópónà kan tí ṣọ́ọ̀bù tò sí lọ́tùn-ún lósì, láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja ní ìkángun kan títí dé ilé epo ní ìkángun kejì. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kò ju kí wọ́n gbálẹ̀, kí wọ́n san owó ọdẹ, kí wọ́n sì parí ìjà ẹni tó da omi ìdọ̀tí síwájú ilé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí alága bá ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé ogun ló ń kó jáde lójoojúmọ́, tó sì ń ṣẹ́gun kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Kí ó tó di alága, aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń tà: síńgílẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀wọ́, yẹ̀rì, àti pátá lóríṣiríṣi. Onípátá ni gbogbo òpópónà ń pè é. Orúkọ náà kò dùn ún nígbà náà. Ó ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ta ọjà rẹ̀. Ọjọ́ tó di alága ni orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí i nímú. Akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹni tí Ọlọ́run fi ahọ́n oyin jíǹkí, ló wá ojútùú sí i. Ó ní àwọn ènìyàn kò lè gbàgbé pátá láé, nítorí náà, kí wọ́n kúkú sọ ọ́ di méjì. Bí ó ṣe di Ọ̀gá Pátápátá nìyẹn, tí akọ̀wé sì gba àga tuntun. Lójú alága, wọ́n á pe orúkọ náà pé. Bó bá ti kọjá, wọ́n á mú ààbọ̀ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò yí orúkọ padà. Onípátá ni òun, ó sì ń dáhùn. Òun ló wá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń tì í, òun náà ló ń gbé páálí ọjà wọlé. Bí alága bá fẹ́ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, òdìkejì ọ̀nà ló ń gbà, tó ń wo òkè bí ẹni pé ẹyẹ kan ń dúró dè é lọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìkawó bẹ̀rẹ̀ látorí ohun gidi. Ayédèrú owó gba gbogbo òpópónà náà kan. Oníbúrẹ́dì gba méjì ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ débi pé búrẹ́dì ọjọ́ náà jóná. Ni wọ́n bá pe ìpàdé ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì, níbi tí àga alága ti ga ju ti gbogbo ènìyàn lọ nítorí tìmùtìmù méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé kí ẹgbẹ́ fi owó tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti tún gọ́tà ṣe ra ẹ̀rọ tó ń ka owó, tó sì ń mọ ayédèrú.

Obìnrin tó ń ta ẹja inú yìnyín, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká wo oríṣi tí a ó rà o. Owó tèmi, tútù ló máa ń wọlé. Ọwọ́ tó mú ẹja náà ló ń sanwó."

"Tèmi náà, ìyẹ̀fun ló máa ń bò ó," ni oníbúrẹ́dì wí.

"Bébà owó mélòó ló tiẹ̀ ń wọlé fún mi?" ni télọ̀ sọ. "Èyí tó bá kéré ti tó mi. Tábìlì mi ò fẹ̀."

Ọ̀gá Pátápátá gbọ́wọ́ sókè. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, kí ojú gbogbo ènìyàn lè bá a dìde.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìyá Ẹlẹ́ja ti bí ọmọ mẹ́ta kí wọ́n tó gba ọmú lẹ́nu òun alára. "Mo ti gbọ́ ẹkún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ṣé oòrùn méjì ló wà lójú ọ̀run?"

"Ẹyọ kan ni, sà," ni akọ̀wé dáhùn.

"Ṣé alága méjì ló wà ní òpópónà yìí?"

"Ká má rí i."

"Kí ló wá fẹ́ sọ ẹ̀rọ di oríṣi méjì? Wọ́n á ní ìka ò dọ́gba. Mo gbà. Ṣùgbọ́n èmi ni ìbọ̀wọ́ tó máa sọ gbogbo ìka yín di ọ̀kan ṣoṣo."

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́ títí omi fi dà lójú rẹ̀. Àwọn yòókù náà pàtẹ́wọ́, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì fẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé ìbọ̀wọ́ gan-an ní ihò tirẹ̀ fún ìka kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó sì ti ta ìbọ̀wọ́ rí ni o.

Alága àti akọ̀wé ló lọ rà á. Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ ìkawó gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀ bíi dókítà. Irú òwò wo ni wọ́n ń ṣe? Ṣé owó tó ń wọlé pọ̀? Ṣé ó ń dọ̀tí? Ṣé iye bébà ni wọ́n fẹ́ mọ̀ ni, àbí iye owó? Ó fi kékeré kan hàn wọ́n, ó ní bébà nìkan ló ń kà, ó sì dára fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ó fi ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ hàn wọ́n, tí kì í tètè gbóná. Ó ní ti ilé epo nìyẹn. "Ní ti ẹlẹ́ja," ló wí, "ẹ má wulẹ̀ rà á rárá. Ẹ ra iná kékeré elésè àlùkò yìí, kó máa fi yẹ owó wò, kó sì máa fọwọ́ kà á. Omi àti ẹ̀rọ kì í ṣọ̀rẹ́."

Ọ̀gá Pátápátá ti ń wo òkè pẹpẹ. "Èwo ló ga jù nínú wọn?"

"Tọ̀hún yẹn, sà. Ṣùgbọ́n ilé ìfowópamọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ojú rẹ̀ le. Owó tó gbẹ, tó mọ́, ló mọ̀. Ohunkóhun tí kò bá ti dá a lójú, ayédèrú ló ń pè é. Ó tún ń sọ̀rọ̀ sókè, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù á fi gbọ́."

Nínú gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wọ alága létí. "Ó ń sọ̀rọ̀? Ohùn ta ni?"

"Ohùn ẹni tó bá wù yín, sà."

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ẹnu alága wọ inú ẹ̀rọ. Ó sọ ìkíni, ó ní kí wọ́n pa á rẹ́, ó tún un sọ, ó wúkọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan ayédèrú owó, ẹni tó ń ta ẹ̀rọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kàn sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò." Ọ̀gá Pátápátá ní òun kì í bẹ olè. Ó fa àyà yọ, ó sì sọ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni tó gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ó ra ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Owó gọ́tà tán pátápátá, bí orúkọ rẹ̀.

Ayé bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Ìyá àgbà kan wá ra ẹja, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló sì kọ́ alága ní ìwé kíkà. Ìyá Ẹlẹ́ja gba owó rẹ̀, ó fi í sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà gbé omi orí owó náà mì, ó kùn, ó sì pariwo pé, "Ayédèrú ni! Ẹ dì í mú!"

Tíṣà àgbà sọ àpò rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ohùn Onípátá, ọmọ tí mo kọ́, ni mo gbọ́ yìí?"

"Ẹ má bínú, Mà. Owó ló ń bá wí."

"Owó ló ní kí wọ́n dì mú, àbí èmi?"

Ìyá Ẹlẹ́ja dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù, obìnrin tí ì bá kúnlẹ̀. Ó ní ìtìjú náà ju ìkúnlẹ̀ lọ.

Lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì, ìyẹ̀fun wọ ọ̀fun ẹ̀rọ, kò sì lè kọjá ìkíni mọ́. "Ẹ kú ọrọ̀ ajé. Èmi Ọ̀gá... Èmi Ọ̀gá... Èmi Ọ̀gá..." Bó ṣe ń sọ nìyẹn títí wọ́n fi pa iná ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ní kì í ṣe pé ó bàjẹ́, alága gan-an kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Télọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síta kí ẹ̀rọ ìkawó lè ráyè jókòó, nígbà tí ẹ̀rọ náà sì pe àpapọ̀ owó ọjọ́ náà sókè, àna télọ̀ tó wá kí i gbọ́ ọ, ó sì rántí ìṣòro kan lójú ẹsẹ̀. Ní ilé epo, kí ẹ̀rọ tó kí ènìyàn kan tán, ọkọ̀ ti tò dé ojú títì.

Ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti ń lọ geere, nítorí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tutù, ó gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ibẹ̀ ni akọ̀wé ń mú gbogbo àlejò lọ.

"Ẹ̀rọ ìkawó kọ́ lèyí," ni oníbúrẹ́dì sọ, tó káwọ́ méjèèjì lé orí tìyẹ̀funtìyẹ̀fun. "Ẹ̀rọ ìkáwọ́lérí ni." Kí ọ̀sán tó pọ́n, orúkọ náà ti dé ilé epo.

Wọ́n kó ara wọn lọ bá alága. Ó gbọ́ wọn tán, ó mi orí bíi bàbá tí ọmọ rẹ̀ kò mọ ìwé.

"Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi," ló wí. "Owó yín ni kò lẹ́kọ̀ọ́. Láti òní lọ, gbogbo owó gbọ́dọ̀ wẹ̀, kí ó gbẹ, kí ó sì jẹ áyọ́ọ̀nù, kí ó tó wá síwájú mi."

"Síwájú ẹ̀rọ, sà," ni akọ̀wé fẹnu sí i létí.

"Ìkan náà ni."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sá owó bí aṣọ nìyẹn. Ìyá Ẹlẹ́ja ta okùn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó fi pẹ́ẹ̀gì há owó rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì jókòó tì í kí afẹ́fẹ́ má ba à gbé e lọ. Oníbúrẹ́dì ń lọ owó láàárín búrẹ́dì àti búrẹ́dì. Kò sí òpópónà kankan láyé tí owó ti gún régé tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó alága ta gbogbo pẹ́ẹ̀gì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun nìkan ló jèrè, kò sì dùn mọ́ ọn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, páálí ọjà tuntun dé, ó sì tóbi jù ú lọ. Ó pe ọkọ rẹ̀ láti òdìkejì ọ̀nà.

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbé e."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ìyá ọmọ mi, alága kì í gbé páálí. Ẹ jẹ́ kí ìdìbò kọjá ná." Ó pè é ní "ẹ" bí ẹni tó ń bá ìpàdé sọ̀rọ̀. Obìnrin náà dúró díẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ, ó sì tú páálí náà sójú ọ̀nà, ó ń kó ọjà wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àárò ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an, ẹni tó sì ń ṣàárò rẹ̀ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀.

Ìdìbò wo? Sáà alága ló ń parí. Ọ̀rọ̀ àga yìí ni kì í jẹ́ kí ó sùn. Lójú tirẹ̀, bí ó bá bọ́ sílẹ̀ lórí tìmùtìmù méjì yẹn, Onípátá ló kù, kò sì mọ ibi tó fẹ́ fi ojú sí. Akọ̀wé ní kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu lọ́dọọdún, kí wọ́n fi í jẹ alága títí ọjọ́ alẹ́. Ó tẹ bébà ìdìbò tó tóbi gẹ́lẹ́ bí owó, ó fi àwòrán alága sí i, níbi tí wọ́n máa ń fi orí ènìyàn pàtàkì sí. "Ẹ̀rọ ni yóò ka ìbò," ló sọ fún alága. "Ẹ ó fi etí ara yín gbọ́ ohùn ara yín, tí yóò máa kéde ara yín."

Alága pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdìbò, ọ́fíìsì òkè kún dé àtẹ̀gùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá láti ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì jókòó lórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Ìyá Ẹlẹ́ja gbọ́wọ́ sókè. "Bébà yìí, ti ẹni tó fẹ́ ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ ńkọ́? Kí ló máa fi sínú àpótí?"

Ọ̀rọ̀ náà pa alága lẹ́rìn-ín. Kò rò ó rí. "Ẹni tí kò bá fẹ́, kó fi owó tó kéré jù lọ sí i. Ìtanràn àìmoore ni. Ẹgbẹ́ á fi ra ọṣẹ." Ó wá na ìka sí ẹ̀rọ. "Ẹ gbọ́ o. Ohun tí ẹ̀rọ yìí bá sọ, abẹ gé e. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn kò gbọdọ̀ tún un kà."

Wọ́n tò lọ síbi àpótí ní kọ̀rọ̀, níbi tí ẹnìkan kò ti rí ẹnìkejì. Ká sọ tòótọ́, ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ wọn. Bébà aláwòrán alága ni ó pọ̀ jù nínú àpótí náà, ó sì ju owó lọ dáadáa. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ kà á, wọ́n á ti gbé alága sọ́rùn.

Akọ̀wé ṣí aṣọ funfun, ó mú bébà kan, ó fi í sẹ́nu ẹ̀rọ. Alága di ojú kí ó lè gbọ́ dáadáa.

Ẹ̀rọ tan iná sí ojú alága tó wà lórí bébà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó kùn. Ó wá fi ohùn alága, ohùn tó tẹ́jú tó sì kún, sọ pé, "Ayédèrú ni! Ẹ dì í mú!"

Akọ̀wé yára yí bébà náà padà. "Bóyá ẹsẹ̀ ló fi wọlé, sà."

"Ayédèrú ni! Ẹ dì í mú!"

Ó mú òmíràn, ó tún mú òmíràn. Alága inú ẹ̀rọ kò mọ alága tó wà lórí àga rí rárá. Nígbà tó kan owó àkọ́kọ́, ẹ wo owó tó ti wẹ̀, tó ti gbẹ, tó ti jẹ áyọ́ọ̀nù gẹ́gẹ́ bí àṣẹ, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀rọ sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ojúlówó ni." Láti ibẹ̀ lọ, bó ṣe rí nìyẹn: bébà, "Ẹ dì í mú", owó, "Ojúlówó ni". Láàárín kan, ẹ̀rọ dákẹ́ díẹ̀, ó sì kéde pé owó tó tóbi jù lọ ni èyí tó wọlé. Gbogbo ilé hó.

"Ta ló bínú tó báyìí?" ni oníbúrẹ́dì bèèrè. "Owó kékeré ni wọ́n ní ká fi sí i."

Tíṣà àgbà, tó wá wòran, ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò rín in pẹ́, ó kàn jáde lẹ́nu rẹ̀ bí èéfín ni. Télọ̀ bá a rín. Nígbà tí ẹ̀rọ tún pariwo pé kí wọ́n di alága mú, ẹni kan ní ẹnu ọ̀nà bèèrè pé, "Ká dì í mú ni tàbí ká fi sílẹ̀?" Ilé bá dàrú fún ẹ̀rín.

"Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kà á," ni akọ̀wé ń bẹ̀bẹ̀, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀. "Bébà wọ̀nyí pọ̀ jù!"

"Ọwọ́ ọmọ ènìyàn kẹ̀?" ni Ìyá Ẹlẹ́ja wí. "Ọ̀gá ní abẹ gé e."

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀gá Pátápátá. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí kì í tán. Ó ya ẹnu, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó sì rí i pé ẹ̀rọ ló ń sọ ọ́: "Ojúlówó nìkan ni mo kà. Ẹ kú ọrọ̀ ajé." Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí tìmùtìmù méjèèjì, ó sì kúrú ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Kí ó tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n ti fi Ìyá Ẹlẹ́ja sórí àga, akọ̀wé sì ti ń ṣàlàyé fún un pé láti kékeré ni òun ti fẹ́ràn ẹja.

Ó gba ìhà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò gba òdìkejì. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀, ó ń to ìbọ̀sẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó lórí páálí kan, ó sì wo ilẹ̀.

"O gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún mi."

"Mo gbọ́. Mo wà níbẹ̀."

"Mo lè gba ti àwọn tó fi owó kékeré sí i. Wọn ò fẹ́ mi, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó ńlá sí i yẹn, kí ni mo ṣe fún un? Ta ló kórìíra mi tó bẹ́ẹ̀?"

Obìnrin náà gbé ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ni."

Ó gbójú sókè.

"N ò kórìíra yín, Bàbá wọn. Mo fẹ́ kí ẹ padà wá. Mo rò ó pé owó kékeré lè má tó."

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ bíi ti alága, kò rí i sọ. "O tiẹ̀ lọ owó náà dáadáa," ló kàn wí. Ó dìde lórí páálí, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e, ó béèrè pé níbo ni kí òun gbé e sí. Ìyàwó rẹ̀ fi ẹnu júwe ibẹ̀ fún un.

Oníbàárà kan yọjú. "Ẹ kú ọjà o. Onípátá dà?"

Tọkọtaya náà wo ara wọn. "Èmi rèé," ni ọkọ dáhùn. Ó bá a mú ohun tó fẹ́, ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́jẹ́. Oníbàárà náà mọ ohùn yẹn, ohùn inú ẹ̀rọ ni. Ó ti sún ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó ń múra àtisá.

"Ojúlówó ni," ni ó sọ fún un. "Ẹ ṣeun. Ẹ tún padà wá."